Orí Kẹrin: Fólíìkì: Ẹni Tó Wà Fún, Àkókò Rẹ̀ àti Ìwọ̀n Rẹ̀

Oògùn kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó wọ́pọ̀ ní ilé kẹ́míìsì láti Kábà dé Ìyàrá, láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Okun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Nọ́ọ̀sì a máa fún aboyún, òbí ọmọ tó ní SS (àrùn sickle cell) a máa rà á, àgbàlagbà tó ń rẹ̀ náà a sì máa béèrè rẹ̀. Fólíìkì ni gbogbo wọn ń pè é. Kò wọ́n, kò korò, kì í sábà da inú rú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ju kí wọ́n gbé e mì lọ.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ wà, ó sì lè gba ẹ̀mí là. Fólíìkì ní ẹni tó wà fún, ó ní àkókò, ó ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá lò ó lásìkò, ní ìwọ̀n tó yẹ, yóò rí àǹfààní tí owó kò lè rà lẹ́yìn ọ̀la. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ lè pàdánù àǹfààní tó tóbi jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì lò ó kọjá bó ti yẹ lè ba iṣẹ́ oògùn mìíràn jẹ́ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara

Folic acid ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Vitamin B9 tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ni. Irú rẹ̀ tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń pè ní folate, iṣẹ́ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Níbikíbi tí ara bá ti ń ṣe ohun tuntun kíákíá, ibẹ̀ ni folate ti ń ṣiṣẹ́: nínú mùdùnmúdùn eegun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, nínú ilé ọmọ tí oyún ti ń dàgbà, lára ọmọdé tó ń ga. Tí kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní gbó dáadáa. Wọn yóò tóbi jù, wọn yóò sì kéré níye. Àárẹ̀ ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà abẹ́ ojú á funfun, àtẹ́lẹwọ́ á ṣá, èémí á sì máa já bí ó bá gun òkè díẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, dókítà obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ sí Bombay ní Íńdíà láti wádìí irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tó ń pa àwọn aboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ó rí i pé oúnjẹ wọn ni kò pé. Ó fún wọn ní Marmite, oúnjẹ tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, ẹ̀jẹ̀ wọn sì padà bọ̀ sípò. Ọdún 1931 ló kọ ọ́ jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ní Texas yọ èròjà yìí gan-an láti inú ewé ẹ̀fọ́.

Nílé wa níbí, A. F. Fleming àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde ní 1968 lórí bí a ṣe lè dènà irú àìtó ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára àwọn aboyún Nàìjíríà. Fólíìkì àti oògùn ibà ni wọ́n lò. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ibà fi wọ̀ ọ́ ni pé kòkòrò ibà máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ara á wá máa sáré ṣe òmíràn dípò èyí tó bàjẹ́, folate tó wà nílẹ̀ á sì tán. Aboyún tí ibà ń ṣe léraléra ń ná folate lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún ọmọ inú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ tí ibà ń bàjẹ́.

Ẹni kìíní: obìnrin tó lè lóyún

Òun la fi ṣáájú, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbàgbé.

Nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ohun tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wá sí àárín, bí ewé tí a ká láti rọ mọ́ínmọ́ín sí. Etí kan gbọ́dọ̀ pàdé èkejì kí ó sì dí pinpin. Bí kò bá dí nísàlẹ̀, a ó bí ọmọ náà pẹ̀lú ihò tàbí kókó rírọ̀ ní ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má lágbára, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì lè gbá jọ sí orí rẹ̀ kí orí náà máa tóbi. Bí kò bá dí lókè, agbárí ọmọ kò ní pé, ọmọ náà kò sì ní yè. Ọjọ́ 28 péré lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni gbogbo dídí yìí máa ń parí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọjọ́ 28 yìí wo bí àwa ṣe ń ṣe. Obìnrin yóò kọ́kọ́ dúró kí oṣù rẹ̀ yẹ̀. Yóò tún dúró kí ó dá a lójú. Lẹ́yìn náà, àṣà wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbà kí a tètè sọ oyún síta, nítorí náà yóò di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún kí ó tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò aboyún. Ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì máa fún un ní fólíìkì. Yóò ṣe é láǹfààní fún ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti dí tàbí kò dí láti oṣù kìíní. Fólíìkì tó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn ni èyí tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá kí oyún tó dé.

Ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ní oṣù Keje ọdún 1991, bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé díẹ̀ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Brìtéènì. Obìnrin 1,817 ní ibùdó 33 ní orílẹ̀-èdè méje ló kópa, gbogbo wọn ló sì ti lóyún ọmọ tó ní àbùkù yìí rí. Wọ́n fún àwọn kan ní 4 mg fólíìkì lójoojúmọ́ ṣáájú oyún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn kò fún àwọn yòókù. Nínú oyún 1,195 tí èsì rẹ̀ hàn kedere, 27 ló tún ní àbùkù náà: 6 lọ́dọ̀ àwọn tó lo fólíìkì, 21 lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi oògùn náà du ẹnikẹ́ni. Láti 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba gbogbo obìnrin tó lè lóyún níyànjú láti máa lo 400 mcg lójúmọ́, láti 1998 sì ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n máa po fólíìkì mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Àwa tó jẹ́ pé iyán, àmàlà àti ẹ̀bà ni oúnjẹ wa kò lè fi ọkàn tán búrẹ́dì. Àfi ká mọ̀ọ́mọ̀ lò ó.

*Ìwọ̀n:* 400 mcg lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán oṣù kan kí oyún tó dé. Oṣù mẹ́ta ló dára jù, nítorí ó máa ń tó bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó kún inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ máa lò ó títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn náà, ẹ máa lò ó lọ pẹ̀lú iron, bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

*Bí ẹ ṣe lè rántí:* Nílẹ̀ Okun, ìdílé méjèèjì a máa mọ ọjọ́ ìgbéyàwó tipẹ́tipẹ́. Yálà ECWA ni o, Kátólíìkì tàbí Áńgílíkà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì a máa béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́notáìpù lọ́wọ́ ọkọ àti ìyàwó ọjọ́ iwájú. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ṣe àyẹ̀wò yẹn ni kí ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ fólíìkì. Mo bẹ àwọn tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n fi gbólóhùn kan yìí kún ẹ̀kọ́ wọn. Obìnrin tó ti bímọ, tó sì fẹ́ yọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí rẹ̀ kúrò, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ fólíìkì kí ó tó lọ yọ ọ́.

*Àwọn tó nílò ìwọ̀n tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ:* Bí ẹ bá ti lóyún ọmọ tó ní àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn rí, tàbí ẹ̀yin tàbí ọkọ yín ni a bí pẹ̀lú rẹ̀, tàbí ẹ ń lo oògùn wárápá, tàbí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ jẹ́ SS, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó lóyún. Ó ṣeé ṣe kí ó ní kí ẹ lo 5 mg lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe dá oògùn wárápá dúró fúnra yín nítorí oyún. Gìrì tí kò ní ìdádúró lè pa ìyá àti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Bí wọ́n bá bí ọmọ tó ní ihò lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi: ó rìn lọ́sàn-án gangan, kò fi abẹ́rẹ́ sí aṣọ rẹ̀, ó ṣẹ ẹnì kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìtó folate wà lára ohun tó ń fa á, ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà wà, nígbà mìíràn sì rèé, obìnrin tó ṣe gbogbo ohun tó yẹ ni yóò bí i. Ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tónítóní bò ó lẹ́yìn, ẹ má fi ewé tàbí àgbo sí i, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ abẹ wà fún un. Láti 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ni àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni kejì: aboyún

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣẹ́ fólíìkì á yí sí orí ẹ̀jẹ̀. Kò ní dá a ṣe. Iron ni yóò bá a rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lo iron 30 sí 60 mg àti fólíìkì 400 mcg lójoojúmọ́ títí yóò fi bímọ. Ní àwọn ibòmíràn, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní MMS ni wọ́n ti ń fún aboyún dípò méjèèjì. Vitamin àti èròjà mìíràn 15 ló wà nínú rẹ̀, iron 30 mg àti fólíìkì 400 mcg sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá fún yín ní MMS, ẹ má tún fi fólíìkì mìíràn kún un láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ẹ gbé páálí fólíìkì tí ẹ rà sókè, kí ẹ kà á. Lábẹ́ orúkọ oògùn náà, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, ohun tí ẹ máa rí ni 5 mg. Lórí èyí tó wà fún ìdáàbòbò, ẹ máa rí 400 mcg, tàbí 0.4 mg, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mg kan jẹ́ mcg 1,000. Nítorí náà, ẹyọ oògùn 5 mg kan jẹ́ ìlọ́po méjìlá àti ààbọ̀ ti 400 mcg. Àwọ̀ wọn lè jọra, wọ́n lè kéré bákan náà, ẹni tó ń tà á sì lè bu méjèèjì sínú ọ̀rá kékeré láìkọ nǹkan kan sí i lára. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè.

Kí ló dé tí ó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Nítorí SP, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà fún aboyún, tí ọ̀pọ̀ ìyá mọ̀ sí Fansidar. Ẹyọ mẹ́ta ni aboyún ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú nọ́ọ̀sì. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹrin, wọn á sì máa fún un léraléra títí dé ìbímọ, kí ó ṣáà ti tó oṣù kan láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí ó gbà á. Ọ̀nà tí SP ń gbà pa kòkòrò ibà ni pé ó ń dí i lọ́wọ́ kí ó má lè rí folate ṣe fún ara rẹ̀. Bí fólíìkì bá wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kòkòrò náà á rí èyí tó máa lò. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kí a má fún aboyún ní fólíìkì tó tó 5 mg lójúmọ́ pọ̀ mọ́ SP. Ìwọ̀n 400 mcg kò ṣe é ní nǹkan kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ wá gba SP, tó sì jẹ́ 5 mg ni fólíìkì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e dání lọ fi han nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí èyí tó kéré, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ dá 5 mg náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn SP, kí ẹ tó padà sí i. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìgbọ́ ti dókítà rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo Septrin lójoojúmọ́ kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ṣáájú, nítorí kò yẹ kí ó gba SP rárá. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọ̀n ẹ̀fọn ṣì ni olórí: SP kò dípò rẹ̀.

Nípa iron, ó lè mú kí ìgbẹ́ dúdú, ó sì lè jẹ́ kí inú kún tàbí kí ìgbẹ́ le. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ẹ fi omi púpọ̀ àti èso bá a rìn, ẹ sì lè gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ bí ó bá ń ru yín nínú. Ọsàn kan lẹ́yìn rẹ̀ á jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Tíì àti kọfí ń dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ Okun ń gbin kọfí, ó sì dára kí a mu ohun tí a gbìn, ṣùgbọ́n kí ó tó wákàtí kan sí méjì sí àkókò tí ẹ lo iron. Ẹ tọ́jú iron síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó. Ọmọdé tó bá rò pé súìtì ni, tó gbé púpọ̀ mì, lè kú.

Ẹni kẹta: ọmọ àti àgbà tó jẹ́ SS

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ AA a máa lò tó ọjọ́ 120 nínú ara. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà kọjá ọjọ́ 10 sí 20. Mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ kò ní ìsinmi. Òru àti ọ̀sán ló fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, folate ló sì ń ná. Ìdí nìyí tí fólíìkì fi wà lára oògùn ojoojúmọ́ àwọn tó ní àrùn yìí ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Paludrine fún ìdènà ibà. Fún àgbàlagbà, 5 mg lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń kọ. Fún ọmọdé, ọjọ́ orí àti ìwúwo rẹ̀ ni dókítà máa wò.

Ẹ jẹ́ kí òbí mọ ibi tí agbára fólíìkì mọ. Kì í dá ìrora eegun dúró. Kì í sọ SS di AA. Bí ojú ọmọ bá funfun lójijì, bí inú rẹ̀ bá wú lápá òsì, bí ibà bá mú un, bí àyà bá ń dùn ún tàbí kò lè mí dáadáa, ọsibítù ni, kì í ṣe àfikún fólíìkì. Ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń ta oògùn pé ọmọ náà ń lo fólíìkì nígbàkígbà tí ẹ bá ń ra oògùn ibà.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Ẹni àkọ́kọ́ ni àgbàlagbà. Bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń rẹ̀, tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kò gbọ́dọ̀ fi fólíìkì nìkan wo ara rẹ̀. Vitamin mìíràn wà tó ń jẹ́ B12, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló wà. Bí B12 bá tán lára, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an bíi ti àìtó folate, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á máa kú tipiri, ìrìn á máa yẹ̀, ìrántí á máa lọ. Fólíìkì lè gbé ẹ̀jẹ̀ náà sókè, kí ojú pọ́n dáadáa, nígbà tí iṣan ara ṣì ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Tó bá pẹ́, kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹni tó ti ń lo Metformin fún àtọ̀gbẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún wà lára àwọn tí B12 wọn lè dín kù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nítorí B12 yìí ni wọ́n fi ní kí àgbàlagbà má kọjá 1 mg fólíìkì lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un.

Ẹni kejì ni ẹni tó ń lo oògùn wárápá bíi phenytoin. Oògùn wárápá àti fólíìkì lè fa ara wọn sẹ́yìn. Ẹni kẹta ni ẹni tó ń lo methotrexate fún oríkèé ríro tàbí jẹjẹrẹ. Dókítà wọn ló máa sọ ọjọ́ àti ìwọ̀n tí wọ́n máa lò.

Ohun tí fólíìkì kò lè ṣe

Àwọn ọkùnrin kan ń rà á pọ̀ mọ́ zinc kí àtọ̀ wọn lè pọ̀, kí ìyàwó lè tètè lóyún. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, fi àwọn tọkọtaya tó lé ní 2,300 dán an wò. Kò mú kí àtọ̀ dára sí i, kò sì mú kí ọmọ tí wọ́n bí pọ̀ sí i. Kí ọkùnrin náà lọ ṣe àyẹ̀wò ló dára jù.

Fólíìkì kì í mú èèyàn sanra. Kì í wo ibà. Kò lè dípò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà síni lára ní kíákíá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á bí ajẹ́bíidán fún gbogbo àìsàn, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìkòkò ọbẹ̀ wa

Obìnrin tó fẹ́ lóyún nílò oògùn àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la nílò oúnjẹ. Àgbàlagbà ń fẹ́ 400 mcg folate lójúmọ́, aboyún ń fẹ́ 600, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ń fẹ́ 500. Ẹ̀wà ló ṣáájú nínú ohun tó wà nítòsí wa: ẹ̀wà sísè, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, èkuru. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ugwu tẹ̀lé e. Ẹ̀pà, ilá, píà àti ọsàn náà ní i. Ẹyin kan ní bíi 22 mcg, ọsàn kékeré kan ní bíi 30. Ẹ̀dọ̀ màlúù ní púpọ̀, ṣùgbọ́n kí aboyún má jẹ ẹ́ púpọ̀, nítorí vitamin A inú rẹ̀ lè pọ̀ jù fún ọmọ.

Ibi tí a ti ń sọ folate nù ni ibi ìdáná. Folate máa ń yọ́ sínú omi, iná sì ń bà á jẹ́. Ẹ wo bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́: a ó já a, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó fi sínú omi híhó, a ó bò ó títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà a ó fún un ní ọwọ́ méjèèjì títí tí omi aláwọ̀ ewé á fi tán, a ó sì da omi náà sẹ́yìn ilé. Omi tí a dà nù yẹn ni púpọ̀ nínú folate náà bá lọ. Kí ẹ fọ ewé dáadáa kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán. Ẹ jẹ́ kí ata àti epo jinná, kí ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i ní ìparí, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ bọ̀ ọ́, ẹ lo omi díẹ̀, kí ẹ sì fi omi náà se ọbẹ̀. Ewúro tó korò nílò fífọ̀, a mọ̀, ṣùgbọ́n kí a fi ìkórò díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ewé tútù bá ṣọ̀wọ́n, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni kí a gbára lé jù.

Bí a ṣe ń rà á

Ẹ rà á nínú páálí tàbí sáṣẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ, ìwọ̀n, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó tò ó sínú oòrùn lẹ́bàá títì. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń ba fólíìkì jẹ́. Bí wọ́n bá bu ú sínú ọ̀rá fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i. Nílé, ibi tútù tó gbẹ ni kí ó wà, kì í ṣe orí fèrèsé. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lánàá, ẹ lo ti òní nìkan, ẹ má lo méjì pọ̀.

Fún àwọn ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù ní ibi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ ti wọ́pọ̀, ọ̀nà mìíràn wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí: iron 60 mg àti fólíìkì 2.8 mg, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ibùdó ìlera.

Ètò ní kúkúrú

1. Ìgbéyàwó ti sún mọ́, tàbí ẹ fẹ́ bí ọmọ mìíràn: 400 mcg lójoojúmọ́, láti oṣù mẹ́ta ṣáájú bí ó bá ṣeé ṣe.
2. Oṣù yẹ̀: ẹ má dá a dúró, ẹ tètè lọ forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò aboyún kí oṣù mẹ́ta tó pé.
3. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀: iron pẹ̀lú fólíìkì 400 mcg, tàbí MMS, títí di ọjọ́ ìbímọ. Ẹ fi páálí oògùn yín han nọ́ọ̀sì kí ẹ tó gba SP.
4. Ẹ jẹ́ SS, ẹ ní wárápá tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ ti bí ọmọ tó ní àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn rí: dókítà ni kí ó sọ ìwọ̀n yín, kí oyún tó dé.
5. Ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ yín kò tó: ẹ ṣe àyẹ̀wò B12 kí ẹ tó fọwọ́ kan fólíìkì.
6. Gbogbo ilé: ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ewé tútù lójoojúmọ́ nígbà tó bá wà, kí a sì má da omi ẹ̀fọ́ nù.

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin, àbúrò tàbí ìyàwó ọmọ tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún yìí, ẹ má dúró dìgbà tí yóò béèrè. Ẹ pè é, ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un, ẹ sì ra ti oṣù àkọ́kọ́ fún un.